Àwo Ẹ̀wà Abẹ́ Ibùsùn

Barking Riverside, London
9 oṣù Kẹta, ọdún 2025

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ tiyín? Ṣé omi ẹ̀rọ ti ń yọ dáadáa ní Ìpẹ̀rù? Adédèjì ní kí n bá òun kí yín. Bọ́ọ̀sì ló ń wà látàárọ̀, ó wọlé báyìí, ó ti sùn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ má bínú pé mo ń kọ̀wé sí yín bí ará àtijọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ fi ìka méjì fà á kó lè tóbi. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é pè sọ ni. Ilé wa kò tóbi, kò sí ohun tí mo sọ tí Kẹ́hìndé kì í gbọ́, bí mo bá sì ti pè yín báyìí, á já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, á ní òun fẹ́ kí Táíwò.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún un. Ẹ ó ní Táíwò ń sùn. Ẹ ó ní ó lọ bá yín ra iyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí mo kó àwọn méjèèjì wá kí yín, tí ibà gbé Táíwò, Ayọ̀mípọ̀sí mi, lọ, tí mo gbé ẹnì kan ṣoṣo padà wá sí London. Ẹ ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì tó kù, kí èyí tó lọ má baà padà wá mú un. Mo gbà, torí pé ìyá mi ni yín. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti pé ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún méje sì ní ẹnu.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú yàrá rẹ̀, mo rò pé eku ló kú síbẹ̀. Nígbà tí mo fa ibùsùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, àwo ẹ̀wà ni mo bá lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kan, ó ti hu irun funfun. Ẹ̀wà tí mo rò pé ó jẹ ni. Mo bi í pé ta ló ni ín.

Ó ní, "Ti Táíwò ni. Ó máa lọ tí mi ò bá fún un lóúnjẹ."

Màámi, ẹ̀rù bà mí. Adédèjì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé inú eré géèmù kan tí òun rà fún un lórí ẹ̀rọ ló ti rí i. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ.

Ọmọ yín,
Fèyí


Ìpẹ̀rù
16 oṣù Kẹta, ọdún 2025

Fèyíṣọlá ọmọ mi, Ìyá Ìbejì,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo fi ìka méjì fà á bí o ṣe wí, ó tóbi títí gbogbo rẹ̀ fi sá kúrò lójú mi, mo wá ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń wá adìẹ. Orúnkún mi ṣì wà níbi tí o fi í sí. Bá mi kí ọkọ rẹ, kó sì máa bọ́ bàtà kó tó sùn.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ kò jẹ́ kí n jẹun. Èmi kò sọ fún ọmọ yẹn rí pé ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì. Ìwọ náà kò sọ fún un. Òótọ́ ni pé mo se ẹ̀wà fún wọn nígbà tí ẹ dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò wá bá wọn jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta lè rántí? Ta wá ló kọ́ ọ? Fèyí, ojú àgbà ni mo fi ń wò ó. Táíwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Mi ò mọ irú iwin tí wọ́n kó sínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún Mọ́níkẹ́, Ìyá Aríran ìjọ wa. Má bínú, ẹrù náà pọ̀ ju èmi nìkan lọ. Ó wọ inú ẹ̀mí, ó ní omi ni òun rí, pé ọmọdé kan dúró létí omi. Ó ní kí o mú Kẹ́hìndé wá sílé nígbà ọlidé gígùn, kó wá sùn sí ilé àdúrà, kí a fi àdúrà gbà á lọ́wọ́ ohun tó ń pè é. Yàrá rẹ ti wà ní gbígbá. Sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún mi.

Ìyá rẹ ni


Barking Riverside
30 oṣù Kẹta, ọdún 2025

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara gbogbo wa le. Ẹ kú ọdún àwọn ìyá lónìí, torí pé ọjọ́ àwọn ìyá ni wọ́n ń ṣe níbí.

Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ ọ́, ẹ sì sọ ọ́. Ìyá Aríran rí omi. Ẹ dákun, gbogbo fèrèsé ilé wa ló kọjú sí omi! Etí odò Thames là ń gbé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará àdúgbò wa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá wo London láti Ìpẹ̀rù tí kò rí omi ni kí ẹ bi léèrè.

Mo jókòó ti Adédèjì, mo ní kó fi eré náà hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàpáánì ló ṣe é, láti inú ìtàn iwin tí àwọn ìyá àgbà tiwọn ń pa fún ọmọ. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ jáde nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé ní Dagenham, wọn kò sì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé ni ìkẹsàn-án. Agboòrùn kan wà níbẹ̀ tó pẹ́ nínú ilé títí ó fi di iwin, ojú kan, ẹsẹ̀ kan. Iwin odò kan wà tí orí rẹ̀ ní kòtò bí àwo, tí omi sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá tẹríba kí i, àfi kó tẹríba padà. Adédèjì ní ẹ̀yin á fẹ́ràn ìyẹn, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Bí o bá sì kí i dáadáa, á gbé ọ kọjá odò lọ síbi tó bá wù ọ́.

Èyí tó kàn wá ni ọmọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ilé. Yàrá inú ló ń gbé, àwọn onílé nìkan ló ń rí i. Bó bá wà níbẹ̀, ilé á tòrò. Bó bá jáde lọ, ilé náà á dà rú. Ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa sè ni wọ́n fi ń dá a dúró. Nítorí náà, ẹ̀wà yẹn, ẹ̀wà Jàpáánì ni. Ẹni tó ń ṣe eré náà ló máa sọ ọmọ náà lórúkọ, Kẹ́hìndé sì sọ ọ́ ní Táíwò.

Mi ò ní í tàn yín. Èmi náà wo ọmọ yẹn lójú ẹ̀rọ. Orúkọ náà wà lókè orí rẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Mo dìde, mo lọ dúró síta.

Ní ti pé kí n mú un wá sílé, ẹni méjì ni mo kó wá bá yín, ẹnì kan ni mo gbé padà. Mi ò ní í mú un wá.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ fún mi láṣẹ.

Fèyí


Ìpẹ̀rù
6 oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Fèyíṣọlá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ẹ̀jìrẹ́ mi.

Ẹnì kan ni o gbé padà. Mo ka ibẹ̀, mo pa fóònù, mo tún tàn án, ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣé o rò pé mo gbàgbé ni? Ọwọ́ ta ló wà nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ìwọ ń sáré wá dókítà kiri, èmi ni mo gbé e mọ́ra. Aṣọ tí mo fi pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù ṣì wà nínú àpótí mi, mi ò tíì lè fọ̀ ọ́.

Mi ò fún ọ láṣẹ. Kì í ṣe pé mo ń bá ọ ṣe agídí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi náà Kẹ́hìndé ni, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Táíwò tèmi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Títí di òní tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, kò sí ẹni tó la ẹnu sọ ọ́ fún mi. Mo sì dàgbà, mo lọ́kọ, mo bí ọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún mi ńkọ́? Ta ló mọ̀ bóyá mi ò bá ti tẹ̀lé e?

Jẹ́ kí ó dàgbà. Gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì pa ẹnu mọ́. Èyí nìkan ni mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ ni


Ìpẹ̀rù
27 oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Fèyí,

Lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo rí àmì búlúù méjèèjì. O kò fèsì. Mo pè ọ́ ní ọjọ́ Àjíǹde, ó dún títí ó fi gé. Mo pe Adédèjì, ó ní òun ń wakọ̀, pé òun á pè mí padà. Kò pè.

Bó bá jẹ́ ìbínú ni, bínú sí mi kí n gbọ́. Ìwọ ọmọ tí kì í lè dákẹ́ láti kékeré, tí o bá dákẹ́, ohun tó burú ni mo máa ń rò. Ní ìjọ, nígbà tí a ń kọrin, Ìyá Aríran tún wò mí, ó sì gbójú kúrò. Mi ò bi í léèrè ohun tó rí, torí mi ò fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ kí Kẹ́hìndé já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ. Kó kàn já a gbà, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìyá rẹ ni


Barking Riverside
4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Màámi,

Kẹ́hìndé wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú ìkíni kí àyà yín má baà já. Ó ń sùn nínú yàrá, Adédèjì sì jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn bí ọlọ́dẹ.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo gba ẹ̀rọ náà kí Àjíǹde tó dé, mo tì í mọ́nú àpótí. Mo rò pé á sunkún, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé ta ni yóò máa fún Táíwò lóúnjẹ báyìí. Mo ní ẹ̀yin ni, pé ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà kọ́ ni Táíwò wà ni? Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Ó ní bí ẹ bá ń fún Táíwò lóúnjẹ lóòótọ́, kí ló dé tí Táíwò kì í wá sórí fóònù? Ìdí tí mi ò fi gbé e nìyẹn. Mo ń bínú sí yín, mo sì ń bínú sí ara mi.

Lánàá, ọjọ́ Sátidé, mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà wa fún ìsìn. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, Kẹ́hìndé kò sí nílé. A wá a lórí àtẹ̀gùn, a wá a ní ibi ìṣeré, Adédèjì sáré lọ sí ibùdó rélùwéè. Èmi, ẹsẹ̀ mi ti mọ ibi tí mò ń lọ kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Omi ni mò ń sá lọ bá. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aríran tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni mò ń gbọ́ létí mi ní gbogbo ọ̀nà.

Mo bá a ní èbúté. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi ọkọ̀ ojú omi, Ramlat lorúkọ rẹ̀, ti dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ọmọ náà ń ṣeré. Ó rí i tó kúnlẹ̀ létí èbúté, tó tẹríba, tó ń kí omi. Ìgbà tó wá rí i tó ń bọ́ bàtà ni ó sáré.

Ó kúnlẹ̀, Màámi, bí ẹ ṣe kọ́ ọ lórí fóònù pé kó máa kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó bọ́ bàtà bí a ṣe ń bọ́ ọ kí a tó wọ ilé àdúrà. Iwin odò inú eré yẹn ló ń dúró dè, kó lè gbé òun lọ sí Nàìjíríà lọ mú Táíwò wá, torí pé ebi á ti máa pa á. Ike ẹ̀wà wà nínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀. Ó ti dé e dáadáa kó má baà dà.

Kì í ṣe Táíwò ló pè é lọ síbẹ̀. Àwa la rán an. Àwa la sọ fún un pé Táíwò wà lókè òkun, lọ́dọ̀ yín.

Mo fẹ́ sọ fún un lálẹ́ àná. Mo la ẹnu, mo pe Ayọ̀mípọ̀sí, ẹkún sì gbà mí. Òun ló ń fi etí aṣọ nu ojú mi. Mi ò lè sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ yín la ní Táíwò wà, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ibi tó wà fún un.

Fèyí


Ìpẹ̀rù
6 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Fèyí ọmọ mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ramlat, orúkọ rẹ̀ wà nínú àdúrà mi láti òní lọ. Lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe tìrẹ. Gbé Kẹ́hìndé sórí ẹsẹ̀ rẹ, kí bàbá rẹ̀ jókòó tì yín, kí o kà á fún un. Má fo ibì kankan.

Kẹ́hìndé mi, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn,

Èmi Màmá Àgbà rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi náà Kẹ́hìndé ni. Mo ní Táíwò tèmi, orí ẹní kan náà là ń sùn. Nígbà tí mo tó bíi tìrẹ, mo jí, mi ò bá a lórí ẹní. Wọ́n ní ó ti bá àbúrò bàbá wa lọ sí Kùmásí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá fún mi ní ẹran, mo máa ń já a sí méjì, mo máa ń fi ewé pọ́n ìdajì pamọ́ dè é. Èèrà ló ń jẹ ẹ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti dúró ní ojúde wa, mo ti sáré jáde nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi di ọmọge, títí àwọn èèyàn fi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún mi, ìyá mi kò sọ ọ́ fún mi, àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Èmi ni mo fi orí ara mi mọ̀ ọ́n. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá dúró níta, mo ṣì máa ń wojú ọ̀nà.

Mi ò fẹ́ kí ìwọ máa wojú ọ̀nà.

Táíwò kò sí lọ́dọ̀ mi. Kò sùn, kò sì lọ ra iyọ̀. Nígbà tí ẹ wá kí mi, ibà mú un, a gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì kú. Apá mi ló wà. Ilé ni ìwọ wà pẹ̀lú ará ilé wa, o ń sùn, o kò mọ̀. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ilé wa níbí la sin ín sí. Ebi kò pa á. Kì í ṣe nítorí ohun kan tí o ṣe, kì í sì í ṣe nítorí ohun kan tí o kò ṣe. Kò bínú sí ọ. Kò sí odò tó lè gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà má tún lọ kí omi kankan mọ́.

Mọ́mì rẹ á fún ọ ní ẹ̀rọ rẹ padà, èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iwin tó mọ̀ ọ́n kí, kò lè burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n bá bù fún ọ, jẹ ẹ́. Ti Táíwò náà, ìwọ ni kí o máa bá a jẹ ẹ́.

Bí o bá fẹ́ sunkún, sunkún. Èmi náà ń sunkún níbí.

Màmá Àgbà rẹ ni


Barking Riverside
25 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Ẹ káàsán mà, Màmá Àgbà,

Èmi Kẹ́hìndé ni. Mọ́mì ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ó ṣèlérí pé òun kò ní í yí i padà.

Mo bínú sí yín gan-an. Mo bínú sí Mọ́mì náà, àmọ́ ó ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, torí náà mo ti dáwọ́ dúró. Mi ò lọ sí ilé-ìwé fún ọjọ́ díẹ̀. Dádì gbé mi wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sókè níwájú, a lọ títí dé ìparí ọ̀nà, a sì padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún Ọmọ Ilé nínú eré mi. Mo rò pé á lọ. Kò lọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Dádì ní mo lè fún un ní orúkọ mìíràn, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ramlat, torí pé Ramlat dì mí mú, kò jẹ́ kí n bọ́ sómi. A lọ kí i ní èbúté lánàá. Mo sọ fún un pé ó ti wà nínú eré mi, ó rẹ́rìn-ín.

Mo jẹ ẹ̀wà mi. Mo jẹ ti Táíwò náà. Ó pọ̀ jù, inú run mí, àmọ́ mo jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ wá wo igi àgbálùmọ̀ yẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́, Mọ́mì ní gbogbo wa la máa jọ wá. Ó sọ fún mi pé kí n wò ó bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mò ń ro ohun tí ẹ kọ, pé kò sí ẹni tó sọ fún yín. Mo bi Mọ́mì bóyá òun ti sọ fún yín rí, ó ní rárá. Mo bi Dádì, ó ní rárá. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Torí náà mo ní kí Mọ́mì kọ èyí gàdàgbà, kí ẹ má baà fi ìka fà á. Ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Màmá Àgbà, Táíwò yín kò sí ní Kùmásí. Ó kú. Kì í ṣe nítorí ohun kan tí ẹ ṣe. Ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá tún dúró níta, ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ jẹ ẹran yín tán.

Èmi ni,
Kẹ́hìndé